Nígbà tí oògùn bá yí ìwà àgbà padà

Bí àgbàlagbà tí kò ta tẹ́tẹ́ rí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kòkó ta á, ohun tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ayé ti ń bá a jà. Kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wo oògùn tó ń lò.

Àrùn Parkinson, èyí tó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ sì máa wọ́ nílẹ̀, máa ń wá nígbà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine bá ń dínkù nínú ọpọlọ. Oògùn bíi pramipexole ló ń ṣe iṣẹ́ èròjà náà, tí ara á fi tún yá. Ṣùgbọ́n dopamine yìí kan náà wà lára ohun tó ń mú kí nǹkan máa wu èèyàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan tó ń lò ó fi ń di ata-tẹ́tẹ́, onínàákúnàá, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ obìnrin kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀, lẹ́ni àádọ́rin ọdún!

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹ̀yẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé lọ síbi tí wọn yóò ti nà án. Bí dókítà bá dín oògùn náà kù tàbí tó pààrọ̀ rẹ̀, ìwà ọ̀hún sábà máa ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nílé o, ewu wà níbẹ̀.

Àwọn dókítà náà kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ oògùn náà fún aláìsàn ló yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé èyí fún ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tó ta ilẹ̀ tán.