Omi Gbígbóná Kò Yẹ Ikùn Yìí



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ́ èyí tí àwọn obìnrin wa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, tí wọn kì í sì í sọ lójú àgbà. Òun ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ ikùn tí ó ti rọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n sì ń fa ìyókù rẹ̀ le. Tummy tuck ni àwọn ènìyàn ń pè é. N kò gbé e wá láti pọ́n ọ́n lé, n kò sì gbé e wá láti bú ẹni tí ó ṣe é. Ìtọ́jú ẹni tí ó ti ṣe é, tí ó sì ti délé, ni ó jẹ mí lógún.

Arábìnrin kan tí mo mọ̀, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́rin, ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Àbújá. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí ó mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Màmá ni ó ti Ìlọrin wá láti bá wọn mójú tó àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni arábìnrin náà wà. Ìrìn àjò ni wọ́n sọ pé ó lọ. Nígbà tí ó padà dé tí kò lè nàró dáadáa, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré kan ni wọ́n ṣe fún un nínú ikùn. Màmá káàánú rẹ̀. Ó ti tọ́jú ọ̀pọ̀ abiyamọ láyé rẹ̀, nítorí náà ó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀: ó gbé omi kaná, ó ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, ó sì fi ń tẹ ikùn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyàwó kò ké, kò sì yẹra. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá ni. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, awọ ibẹ̀ ti bó, ó sì ti ń ṣomi bí ibi tí iná jó.

Kí ló dé tí kò fi mọ̀ ọ́n lára? Níbi iṣẹ́ abẹ yìí, dókítà máa ń la ìsàlẹ̀ ikùn láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kan dé èkejì. Yóò ṣí awọ kúrò lára ẹran títí dé ìtòsí egungun ìhà, yóò rán iṣan ikùn tí oyún ti yà sọ́tọ̀ pọ̀, yóò fa awọ wálẹ̀, yóò gé èyí tí ó ṣẹ́kù dànù, yóò sì ṣí ojú tuntun fún ìdodo. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí awọ báyìí, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ń gbé ìmọ̀lára máa ń já. Ìdí nìyí tí àárín ikùn fi máa ń kú tipiri fún oṣù púpọ̀, tí ojú ibì kan tilẹ̀ lè wà tí ìmọ̀lára kò ní padà sí mọ́. Nítorí náà, omi gbígbóná, ìgò omi gbígbóná, àti yìnyín tí a gbé lé ara láìfi aṣọ wé e, gbogbo wọn lè ba awọ náà jẹ́ kí onítọ̀hún tó fura.

Bákan náà ni ọ̀já. Aṣọ kan wà tí ilé ìwòsàn máa ń fún aláìsàn, tí ó máa ń fún mọ́ ikùn déédéé. Ọ̀pọ̀ dókítà ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀já tí àwa ń fi agbára dì kò jọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dé etí awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán kò tíì pọ̀. Bí a bá dì í pinpin, etí awọ náà lè dúdú, kí ó sì kú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti abẹ́ orúnkún rẹ̀ kí ikùn má bàa nà. Yóò máa tẹ̀ díẹ̀ bí ó bá ń rìn. Ẹ má ṣe ní kí ó nàró bí ológun. Ṣùgbọ́n kí ó rìn, àní láti ọjọ́ kìíní, ìṣísẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ láti fa omi jáde, kí ẹnìkan nínú ilé máa dà á, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí ni dókítà yóò wò kí ó tó yọ rọ́bà náà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró títí yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí mìlílítà 30 ní ọjọ́ kan.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo. Garawa omi wà nínú rẹ̀, ọmọ pípọ̀n náà sì wà nínú rẹ̀. Èyí ni ó máa ń ṣòro jù fún abiyamọ, pàápàá jùlọ ní ilé tí omi kì í yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí ó jókòó, kí a gbé ọmọ wá bá a. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo, tàbí habatu-saúdà pàápàá, láìsọ fún dókítà. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, asipírìnì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ tí ó bá ń mu sìgá, kí ó jọ̀wọ́ gbé èéfín rẹ̀ jáde, torí sìgá máa ń dènà ìjinná ọgbẹ́.

Ní ti àpá, àwa aláwọ̀ dúdú ni àpá máa ń wú lára wa jù. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé tán, ẹ bi dókítà léèrè nípa ìpara tàbí ìlẹ̀mọ́ silikónì. Àpá náà lè gba ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọlẹ̀. Ìpara tí ń bó ara kì í ṣe oògùn rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà tí ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la bí ẹ bá rí àwọn àmì wọ̀nyí: kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú kí ó sì máa dùn ún, kí mímí ṣòro tàbí kí àyà máa dùn ún, kí ara gbóná kọjá ìwọ̀n 38, kí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan wú lójijì, kí awọ dúdú, kí ọgbẹ́ máa rùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà, kí ẹ sì sọ irú iṣẹ́ abẹ tí ó ṣe ní pàtó. Bí ẹ bá fi èyí pamọ́ fún dókítà, ohun mìíràn ni yóò máa wá kiri nígbà tí àkókò ń lọ.

Ìrun rẹ̀ ńkọ́? Àánú ni ẹ̀sìn wa. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wá nínú hádíìsì Imrán ọmọ Husayn tí Bukhari gbà wá, ẹni tí kò bá lè dúró yóò kírun ní ìjókòó, ẹni tí kò bá lè jókòó yóò kírun ní ìdùbúlẹ̀. Kí ó jókòó sórí àga, kí ó tẹ orí fún rúkúù, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún sùjúdù. Bí omi bá lè pa ojú ọgbẹ́ lára nígbà ìwẹ̀ ọ̀ran-anyàn, kí ó fọ ibi tí ó kù, kí ó sì fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Bí ààwẹ̀ Ramadan bá bá a lórí ibùsùn, Súúrátul-Bákárà ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ní ti Úmúrà, kí ó má wọ bàálù títí dókítà yóò fi gbà fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì tí mo sọ ṣáájú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè bóyá ó tọ́ láti ṣe é rárá. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Islam àgbáyé jókòó ní Putrajaya ní Malaysia lórí irú iṣẹ́ abẹ báyìí. Wọ́n ya èyí tí ó ń tún àbùkù tàbí ìpalára ṣe sọ́tọ̀ sí èyí tí a ṣe fún ẹwà lásán. Ẹni tí ó ń gbèrò rẹ̀, kí ó gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tọ alfa tí ó ní ìmọ̀ lọ ṣáájú, kí ó sì mọ̀ pé oyún mìíràn lè tún awọ náà nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ sínú ilé yín, ìtọ́jú ni ẹ jẹ ẹ́.

Ojú iná arábìnrin wa jiná, ṣùgbọ́n ó pẹ́, àpá rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ni ọkọ tó sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Màmá dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Ṣé èmi ni ẹ ń fi pamọ́ fún? Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi jó ọmọ mi." Ó sunkún. Láti ọjọ́ kejì, òun ni ó ń fọ aṣọ ikùn náà, òun ni ó ń gbé ọmọ kékeré lọ bá ìyá rẹ̀ lórí àga, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé omi gbígbóná kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn mọ́.