Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì Nìkan Kò Lè Gbé Egungun Ọmọ Ró

Oúnjẹ kò wọ́n ní Òkè-Ògùn. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti sóyà ń kún àká lọ́dọọdún, gbogbo wọn ló sì ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 èròjà yìí ló wà nínú egungun àti eyín. Ìyókù ni ara fi ń sọ oúnjẹ di okun. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí 700 mílígíráàmù lójúmọ́, ọmọ tó ń bàlágà nílò tó 1,250.

Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kan ṣì ń tẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ọ̀pọ̀ ọkà àti oòrùn? Ní 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìtọ́jú ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀ ní Nàìjíríà jáde nínú New England Journal of Medicine. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lójúmọ́. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí kálísíọ̀mù bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù kan á jáde láti inú ọrùn, á máa fa kálísíọ̀mù yọ lára egungun. Họ́mọ̀nù yìí kan náà ló ń mú kí kíndìnrín máa da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú ìtọ̀. Ohun tí ọmọ jẹ láàárọ̀, ó ti tọ̀ ọ́ dànù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti ọkà tún wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àgbàdo ló há sínú fáítéètì, èròjà tó tún ń di kálísíọ̀mù mú kí ara má lè rí i lò. Àwọn ìyá tó ń rẹ àgbàdo títí yóò fi kan ń tú ìdè yẹn. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, èérí tó lọ sẹ́nu ewúrẹ́ ti kó púpọ̀ nínú èròjà ọkà lọ. Ògì lásán kò lè tó ọmọ.

Ohun tó kù kò jìnnà. Àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri wàrà, mílíìkì màlúù 100 gíráàmù sì ní nǹkan bí 120 mílígíráàmù kálísíọ̀mù. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, tí a lọ̀ tegungun tegungun, ṣeé pò mọ́ ògì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ni kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Nítorí náà, kí àwọn nọ́ọ̀sì ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn má ṣe fi mọ sórí wíwọn ọmọ. Kí wọ́n po ògì ẹlẹ́ja lójú àwọn ìyá, kí wọ́n sì sọ fún wọn pé wàrà kì í ṣe ìpanu àgbà nìkan. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí òbí yóò ná láti tún ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ ṣe.