Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Modákẹ́kẹ́ Kọ́gbọ́n

Ẹ̀yin ará wa, bí àríyànjiyàn bá gbóná tán nínú ìpàdé wa, ẹnìkan kì í ṣàì pe ẹnìkejì rẹ̀ ní àtọ̀húnrìnwá. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ó tó kí a dẹ́kun rẹ̀, nítorí àtọ̀húnrìnwá ni gbogbo wa ní Ngomari, ọ̀rọ̀ náà sì ti tú ìlú rí ní ilẹ̀ wa.

Ẹ wo Modákẹ́kẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé sá wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ifẹ̀ gbà wọ́n. Wọ́n bá onílé roko, wọ́n sì bá a jagun. Nígbà tí gbólóhùn asọ̀ pọ̀, Ọọ̀ni Abewéilá tẹ̀ wọ́n dó sẹ́yìn odi ní nǹkan bí 1847. Ní 1849 ogun bẹ́ sílẹ̀. Ifẹ̀ tú, àwọn ará ibẹ̀ sì fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní 1909 ó kan Modákẹ́kẹ́: a tú wọn ká lọ sí Òde-Òmù, Gbọ̀ngán àti ibòmíràn, títí a fi gbà kí wọ́n padà ní nǹkan bí 1922.

Lẹ́yìn èyí ni kòkó sọ ilẹ̀ di owó, ìṣákọ́lẹ̀ sì di ìjà. Onílẹ̀ ní, "Ilẹ̀ baba mi ni." Ẹni tí ó gbin kòkó ní, "Ibí ni a bí baba baba mi sí. Ìgbà wo ni n kò ní jẹ́ àlejò mọ́?" Wọ́n jà ní 1981. Ní 1997 wọ́n tún jà lórí ibi tí a ó fìdí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ kalẹ̀ sí, ó sì di 2000 kí ìbọn tó dákẹ́. Ilé jóná, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ Odùduwà, kí ni àwa tí a wà láàárín àwọn Kànúrí kò ní ṣọ́ra fún? Ọdún 2009 ti kọ́ wa bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa wojú onílé nígbà tí ìlú kò rọgbọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ níhìn-ín, kí ó gba ìwé, kí ó pe ẹlẹ́rìí, kí ó sì jẹ́ kí Búlámà mọ̀, kí ẹni tí ó tà á fún un tó kú. Kí ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Modákẹ́kẹ́ má ṣe gbé ìjà ilé wọ inú ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí a bá sì lọ sílé, kí a wo Hausa, Ígbò àti àwọn mìíràn tí ó ń gbé ní ìlú tiwa. Bí a bá ń fẹ́ kí a pe àwọn ọmọ wa tí a bí ní Ngomari ní ọmọ ìlú, àwa ni kí a kọ́kọ́ pe ọmọ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.