Ibi tí àrùn ẹ̀dọ̀ ti ń pa èèyàn kọ́ ni òkìkí ìwádìí rẹ̀ ń lọ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, níbi àpérò kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Lisbon, lórílẹ̀-èdè Pọ́túgà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn jáde nípa àrùn mẹ́dọ̀wú, ìyẹn àrùn tí fáírọ́ọ̀sì máa ń fà, tí í mú ẹ̀dọ̀ wú, tí ó sì lè yọrí sí jẹjẹrẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Mílíọ̀nù 254 èèyàn ni ìròyìn náà sọ pé wọ́n ní irú àrùn yìí tí a ń pè ní B lára ní ọdún 2022. Àwọn tí wọ́n ní irú C jẹ́ mílíọ̀nù 50. Láàárín ọdún kan ṣoṣo yẹn, méjèèjì pa èèyàn mílíọ̀nù 1.3, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó sì ṣú, èèyàn 3,500 ti bá a lọ. Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí ó ru nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù àrùn náà. Bí a bá sì kó ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó irú B jọ káàkiri ayé, 63 nínú wọn ni yóò jẹ́ ará Áfíríkà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú B nílẹ̀ Áfíríkà ni yóò kún inú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí àwọn jọ́nà ńláńlá lónìí, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń tẹ àbájáde ìwádìí wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí ń gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀ ni yóò máa bá pàdé láti ojú ewé dé ojú ewé, àrùn tí ó máa ń bá sísanra àsanjù àti ìtọ̀ ṣúgà rìn. Òun ni ó gbòde. Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá ti òkìkí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, nítorí ohun tí wọ́n bá ń tọ́ka sí lemọ́lemọ́ ni ó máa ń di ìlànà ìtọ́jú, ìlànà ìtọ́jú náà sì ni dókítà tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ń tẹ̀lé nígbà tí aláìsàn bá jókòó síwájú rẹ̀.

Ìtọ́kasí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Ọmọdé tí ó pòwe níwájú àgbà, tí ó ní “tótó, ó ṣe bí òwe,” ti jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni òun ni ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe náà nìyẹn: ẹni tí ó bá kọ̀wé gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, tí òun gbé tirẹ̀ kà. Eugene Garfield, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ohun kíkà. Ní 1955 ni ó mú àbá náà wá, nígbà tí ó sì di 1964, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia gbé ìwé atọ́ka ńlá kan jáde tí ó ń fi hàn ẹni tí ó tọ́ka sí ẹni. Inú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn jọ́nà ti jáde. Wọn yóò ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn tọ́ka lọ́dún kan sí àwọn àpilẹ̀kọ tí jọ́nà kan tẹ̀ ní ọdún méjì tí ó ṣáájú, wọn yóò sì fi iye àwọn àpilẹ̀kọ náà pín in. Láti mọ jọ́nà tí ó yẹ ní yíyàn sínú ìwé atọ́ka náà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àwọn ilé ìkàwé náà rí i lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ èyí tí wọn yóò fowó rà. Lónìí, èèyàn ni wọ́n ń fi í wọ̀n. Journal of Hepatology, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1985 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ti Yúróòpù, ti kọjá 20 lórí òṣùwọ̀n yìí. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn tí a ń tẹ̀ ní Nàìjíríà kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìṣirò náà.

Ìtàn ìwádìí ẹ̀dọ̀ ṣeé tọ̀ lẹ́sẹ̀ bí a bá ń wo ibi tí ìtọ́kasí ń ya sí. Ní 1965, Baruch Blumberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ohun àjèjì kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan. Ohun náà ni ó wá di àmì tí a fi ń mọ fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B, Blumberg sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù keje, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ àrùn náà. Ní 1989 ni wọ́n dá irú C mọ̀, iṣẹ́ tí ó mú ẹ̀bùn Nobel wá fún Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice ní 2020. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn 1989, irú C ni ó gba iwájú nínú àwọn jọ́nà, ó sì ní ìdí: àrùn náà wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn sì rí owó níbẹ̀. Nígbà tí oògùn sofosbuvir gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2013, 84,000 dọ́là ni wọ́n ń ta èyí tí èèyàn kan yóò lò fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹgbẹ̀rún dọ́là fún hóró kọ̀ọ̀kan. Òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí ó bá lò wọ́n, ó lé ní 95 tí ń bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá. Ìgbà tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé di ẹrù wọn.

Ibi ọ̀rá ni wọ́n gbà lọ. Àrùn náà kì í ṣe tuntun. Jurgen Ludwig ti ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà ti fún un lórúkọ ní 1980, nígbà tí ó ṣàpèjúwe ogún aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ wọn rí bí ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Ní 2016, Zobair Younossi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ láti onírúurú ilẹ̀, wọ́n ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn àgbàlagbà ayé ni ó ní in. Gbólóhùn yẹn di èyí tí gbogbo òǹkọ̀wé fi ń ṣí ọ̀rọ̀, àpilẹ̀kọ náà sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n tọ́ka sí jù nínú ìmọ̀ ẹ̀dọ̀. Ní 2020, àwọn kan ní kí wọ́n yí orúkọ àrùn náà padà; ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ti Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Látìn Amẹ́ríkà fẹnu kò sórí orúkọ mìíràn. Àpilẹ̀kọ ìsọmọlórúkọ yìí, tí kò wo ẹnikẹ́ni sàn, ni ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lórí ọ̀rá ẹ̀dọ̀ báyìí kò lè ṣe kó má tọ́ka sí. Bí òṣùwọ̀n ṣe ń ga nìyẹn. Oògùn náà kò pẹ́ dé: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó sì fọwọ́ sí semaglutide fún àrùn yìí kan náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́n tí yóò fojú kéré àrùn ọ̀rá náà. Ó wà ní Èkó pàápàá, láàárín àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ ọdún 2016 yẹn, Áfíríkà ni iye rẹ̀ kéré jù, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwádìí kéréje ni wọ́n sì fi sọ̀rọ̀ lórúkọ odindi ilẹ̀ náà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti wá àrùn, ó máa ń dà bí ẹni pé àrùn kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí èèyàn gbọ̀ngbọ̀n ni ti ìṣirò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní APRI. Fáírọ́ọ̀sì B lè wà lára èèyàn fún ogún ọdún kí ó má mọ̀. Ohun tí dókítà ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, bóyá àpá ti ń bò ó, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Láti mọ̀ ọ́n dájú, wọn yóò ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀dọ̀ láti mú díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ìwọ̀nba ilé ìwòsàn ńlá ní. APRI kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ni ó ń lò: ó ń wo èròjà kan tí í jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń farapa, ó sì ń wo iye àwọn hóró inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan ni wọ́n gbé e jáde nínú jọ́nà Hepatology ní 2003. Iṣẹ́ dáadáa ni, ó rọrùn, kò náni lówó, wọ́n sì ti tọ́ka sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Àmọ́ àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ṣe é kò ju 270 lọ. Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, mẹ́dọ̀wú C ni ó sì ń ṣe wọ́n.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí ìtọ́jú mẹ́dọ̀wú B. Ó ní níbi tí owó kò bá ti sí fún ẹ̀rọ, kí wọ́n lo APRI, kí wọ́n sì ka àgbàlagbà tí tirẹ̀ bá ju 2 lọ sí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le. Bí ìṣirò tí wọ́n fi àrùn C ṣe ní Amẹ́ríkà ṣe di òṣùwọ̀n fún àrùn B ní Áfíríkà nìyẹn. Aláìsàn tí tirẹ̀ bá jẹ́ 1 lè gbọ́ pé kí ó máa lọ sílé ná, kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń di òkúta nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní 2023, àwọn oníwádìí tí wọ́n para pọ̀ lábẹ́ orúkọ HEPSANET kó àkọsílẹ̀ aláìsàn mẹ́dọ̀wú B tí ó ju 3,000 lọ jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Wọ́n rí i pé bí dókítà bá ń dúró de 2, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le ni yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́; 0.65 ni wọ́n ní ó bá ara àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí mu. Nature Communications ni ó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe jọ́nà ẹ̀dọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ náà tún ìlànà rẹ̀ ṣe: ẹni tí APRI rẹ̀ bá ti ju 0.5 lọ ti tó ẹni tí yóò gba oògùn, bí ó bá sì ju 1 lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé ní 2015, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n oògùn tọ́ sí i báyìí. Bí ó bá ṣì wà láyé. Àpilẹ̀kọ ọdún 2003 ṣì ń kó ìtọ́kasí jọ. Ti 2023, tí ó fi ibi tí kò ti ṣiṣẹ́ hàn, kò tíì sún mọ́ ọn rárá nínú kíkà.

Wọn kò lè sọ pé Áfíríkà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Láti 1986 ni wọ́n ti ń wo àwọn ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ní Gáńbíà, bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Lẹ́yìn 2010, iṣẹ́ ìwádìí mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PROLIFICA bẹ̀rẹ̀ ní Gáńbíà, Sẹ̀nẹ̀gà àti ìlú Jos ní Nàìjíríà. Owó Yúróòpù ni ó gbé e ró, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà: olówó ni í sọ ohun tí a ó wádìí. Ní 2017, àwọn kan fi àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Íjíbítì wé àwọn ti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú wọn. Ní Íjíbítì, níbi tí irú C ti pọ̀, ẹni tí ó wà láàárín gbùngbùn wọn jẹ́ ẹni ọdún 58, ó sì lo nǹkan bí oṣù 11 lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ní àwọn ilẹ̀ yòókù, níbi tí irú B ti ń ṣọṣẹ́, ẹni ọdún 46 ni, oṣù méjì àti ààbọ̀ ni ó sì lò. Ẹni ọdún 46, ọmọ rẹ̀ lè ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Nílé níbí, àwọn ọ̀mọ̀wé mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ wọn ni kò gbé e. Ibùdó tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti wà láti 1960, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì wà lára èyí tí ó ń yọjú jù lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì tí ó fẹ́ ìgbéga ní láti ka iye àpilẹ̀kọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì fẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn jáde lókè òkun. Àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lókè òkun ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí jọ́nà ilé, àwọn tí wọ́n ń ṣe ìlànà lè má rí i láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò African Journals Online ti ń gbé irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n pàdé ní San Francisco ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ti ní kí wọ́n yé fi òṣùwọ̀n jọ́nà wọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ti fọwọ́ sí i látìgbà náà. Ìgbìmọ̀ ìgbéga ní tirẹ̀ ṣì ń ka jọ́nà.

Àwọn ìbéèrè tí ó ṣẹ́ kù lórí irú B kò ní ẹwà tí yóò mú òṣùwọ̀n ga. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó ní in. Lágbàáyé, 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní in ni àyẹ̀wò ti fi hàn, mẹ́ta ni ó sì ń gba oògùn. Tenofovir tí wọ́n ń lò fún un ti wálẹ̀ débi 2.40 dọ́là lóṣù, bẹ́ẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè 26 tí ó sọ iye tí wọ́n ń rà á, méje péré ni ó ń rí i rà ní iye yẹn tàbí kí ó dín. Bí ìyá bá ní àrùn náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ bá gbà láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i ni ó ń já okùn rẹ̀. Ní ẹkùn Áfíríkà, ọmọ 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń rí i gbà. Kí ló dé tí ọmọ tí wọ́n bí sílé agbẹ̀bí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kì í rí abẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ Ajé? Ta ni kọ́kọ́rọ́ fíríìjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀? Kò sí ilé iṣẹ́ oògùn tí yóò sanwó láti mọ ìyẹn. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ náà ti wà nínú ètò àjẹsára ìjọba láti 2004, ọ̀fẹ́ sì ni.