Fóònù Lọ́wọ́ Aráàlú, Ìbọn Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀ nìkan ló lè sọ pé òun fojú ara òun rí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sì délé ẹjọ́, ẹnu lásán ni yóò fi ta ko ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba. Kì í ṣòro láti mọ ẹni tí wọn yóò gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Lónìí, nǹkan ti yí padà. Fóònù kékeré tí ó wà lápò akẹ́kọ̀ọ́, ìyá ọlọ́jà tàbí awakọ̀ lè ká ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tohùn tàwòrán, kí gbogbo ayé sì ti rí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan fi ń jà rànyìn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀: Bí ọlọ́pàá bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbangba, ǹjẹ́ aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ya fídíò rẹ̀? Bí ó bá lẹ́tọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn ọlọ́pàá kan fi ń já fóònù gbà lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n ń fọ́ ọ mọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ń ti ẹni tí ó yà á mọ́lé? Kí ni irú fídíò bẹ́ẹ̀ lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ohun Tí Ọlọ́pàá Sọ àti Ohun Tí Fóònù Rí

Ní May 25, 2020, George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, kú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá nílùú Minneapolis, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìkéde àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà gbé jáde sọ pé àwọn ọlọ́pàá kíyè sí i pé ara ọkùnrin kan tí wọ́n mú kò yá, ó sì kú lẹ́yìn náà. Ìkéde náà kò sọ ohunkóhun nípa orúnkún tí ọlọ́pàá fi tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan wà níbẹ̀. Ó dúró, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó sì ya ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Fídíò yẹn ni aráyé fi rí Derek Chauvin, ọlọ́pàá tí ó kúnlẹ̀ lé Floyd lọ́rùn, tí ọkùnrin náà sì ń ké pé òun kò lè mí. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù, ẹ̀rí fi hàn pé ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí Chauvin fi wà lórí rẹ̀. Ní April 2021, ilé ẹjọ́ dá Chauvin lẹ́bi ìpànìyàn. Ní June ọdún náà, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22 àti ààbọ̀. Oṣù June yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí ń fúnni ní ẹ̀bùn Pulitzer dá ọmọbìnrin náà lọ́lá.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọbìnrin yìí kò bá ọlọ́pàá jà, kò sì wọ àárín wọn. Ó kàn dúró síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé, ó sì jẹ́rìí ni. Ká ní wọ́n gba fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àfàìmọ̀ ni kì í bá ṣe ìkéde àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn ènìyàn ì bá máa kà títí dòní.

Bí Ilé Ẹjọ́ Ṣe Là Á Mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀tọ́ tí ọmọbìnrin yẹn lò kì í ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́pàá gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní October 2007, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Simon Glik rí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń mú ọ̀dọ́kùnrin kan ní Boston Common, ìyẹn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan nílùú Boston. Ó rò pé agbára tí wọ́n ń lò ti pọ̀ jù, ó sì fi fóònù yà á. Bí wọ́n ṣe mú òun náà nìyẹn. Wọ́n ní ó rú òfin tí ó ka gbígba ohùn ènìyàn sílẹ̀ níkọ̀kọ̀ léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ó gbé fóònù náà dání ní gbangba ni.

Ilé ẹjọ́ da ẹ̀sùn náà nù. Glik wá pe àwọn ọlọ́pàá náà àti ìlú Boston lẹ́jọ́. Ní August 2011, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ fún agbègbè yẹn là á mọ́lẹ̀ pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ya fídíò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn ní gbangba, àti pé ọ̀kan lára òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni. Ní ọdún 2012, ìlú Boston fi 170,000 dọ́là parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mìíràn ní Amẹ́ríkà náà ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ tún pinnu pé ọlọ́pàá ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó lè yẹ inú fóònù ẹni tí ó mú wò, àyàfi bí ọ̀ràn kánjúkánjú bá wà.

Òfin Nàìjíríà Ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tí ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ya fídíò ọlọ́pàá tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lójú pópó. Dípò bẹ́ẹ̀, abala 39 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè tọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira láti sọ èrò ọkàn wọn, àti láti gba ìsọfúnni kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ fún ẹlòmíì. Abala 37 dáàbò bo àṣírí aráàlú, títí kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lórí fóònù. Abala 46 sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ dù lè gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ. Àwọn agbẹnusọ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ ní gbangba láwọn ọdún àìpẹ́ yìí pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ya fídíò ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kódà, òfin tí ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, gbà kí wọ́n lo fídíò nígbà tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n fura sí. Bí òfin bá fàyè gba kámẹ́rà nínú yàrá tí ọlọ́pàá ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, kí ni yóò mú kí ó jẹ́ èèwọ̀ lójú títì tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá?

Síbẹ̀, ohun tí ó wà nínú ìwé òfin yàtọ̀ sí ohun tí ojú ń rí lójú pópó. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ ni ti SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tàbí fóònù olówó ńlá dání bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹ̀ka yìí ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù olè lọ. Wọ́n á dá wọn dúró, wọ́n á tú inú fóònù wọn wò, wọ́n á pè wọ́n ní oníjìbìtì, wọ́n á sì gbowó lọ́wọ́ wọn. Nínú ìròyìn tí àjọ Amnesty International gbé jáde ní June 2020, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹni, ìlòkulò àti ìpànìyàn láìgba ilé ẹjọ́, ó kéré tán 82, láàárín January 2017 sí May 2020.

Ìjọba ti ṣèlérí lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn yóò tún ẹ̀ka náà ṣe, ṣùgbọ́n kò sí àyípadà gidi. Nígbà tí ó di October 2020, fídíò kan jáde láti Ughelli, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ẹni tí ó yà á sọ pé àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ mélòó kan, ìwọ́de ti bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní London. Ní October 11, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, kéde pé àwọn ti tú SARS ká. Fídíò kan ló ṣá iná sí i, ṣùgbọ́n igi náà ti gbẹ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Tẹnu Ọlọ́pàá

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ọlọ́pàá náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ọ̀daràn lè tipasẹ̀ fídíò mọ ojú àwọn àti ẹbí àwọn. Wọ́n ní àwọn kan máa ń gé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kúrò kí ó lè dà bíi pé ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ fa ìjà. Wọ́n tún ní bí èrò bá pé lé àwọn lórí pẹ̀lú fóònù, iṣẹ́ kì í ṣeé ṣe. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé lẹ́yìn ìwọ́de ọdún 2020, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá sọ pé wọ́n pa ọlọ́pàá 22, wọ́n sì ba ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́. Àwọn tí wọ́n pa wọ̀nyẹn náà ní aya, wọ́n ní ọmọ.

Òfin kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí ìjọba kà sí ibi ààbò, tí òfin kò gbà kí ènìyàn kàn lọ máa ya àwòrán wọn. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ lè jìyà lábẹ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì tọdún 2015. Òótọ́ ni pé àwọn aláṣẹ ti ṣi òfin yẹn lò débi pé Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sọ ní March 2022 pé abala 24 rẹ̀ ta ko ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí wọ́n sì ṣàtúnṣe sí i ní 2024. Àmọ́, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn òfin yìí tí ó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti fọ́ fóònù mọ́ aráàlú lójú, tàbí láti pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ẹ tún rò ó wò ná. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Báwo ni a ṣe máa mọ ìka tí ó ṣẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rí? Nígbà tí kò bá sí fídíò, gbogbo ọlọ́pàá ni aráàlú máa ń kà sí òṣìkà. Nígbà tí ó bá wà, ọlọ́pàá tí ó fi sùúrù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rí ohun tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọn.

Fídíò Nìkan Kò Tó

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí kì í ṣe adájọ́. Ní March 1991, ọkùnrin kan dúró lókè ilé rẹ̀ nílùú Los Angeles, ó sì ya fídíò àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń fi kóńdó lu Rodney King nílùkulù. Gbogbo Amẹ́ríkà wo fídíò náà. Àmọ́ ní April 1992, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà kò dá ọlọ́pàá kankan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́bi. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní 50 ènìyàn tí ó kú. Ọdún 1993 ni ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó dá méjì nínú wọn lẹ́bi, tí wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Lekki. Ní alẹ́ October 20, 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn sójà ṣe ń yìnbọn. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ ọmọ ogun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́. Ní November 2021, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi tí ó ti fẹ̀yìn tì darí sọ pé wọ́n pa ènìyàn níbẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé àwọn kò gba ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ nípa iye àwọn tí ó kú.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ni yóò wádìí ọlọ́pàá, tí ìjọba sì lè ti ohun tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ rí sẹ́yìn, fídíò lè bí aráàlú nínú, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò mú ìdájọ́ wá.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Bí ọ̀ràn bá ṣojú yín, ẹ dúró lókèèrè tí ẹ kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bú ọlọ́pàá, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan án. Ẹ má ṣe gé fídíò náà. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbòmíì. Ẹ rántí iyì ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, kì í ṣe gbogbo àwòrán ló yẹ kí a máa pín kiri. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀mí yín lè lọ sí i, ẹ sọ fóònù kalẹ̀. Ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a fi ń ra fídíò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀rí náà lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Orílẹ̀-èdè, Àjọ tí ń rí sí Iṣẹ́ Ọlọ́pàá, tàbí agbẹjọ́rò.

Ní ti ìjọba, ọ̀rọ̀ ẹnu agbẹnusọ kò tó. Agbẹnusọ á lọ, òmíràn á dé. Òfin Ọlọ́pàá tọdún 2020 ni ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí kedere pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ya fídíò, kí wọ́n sì sọ ìyà tí ó tọ́ sí ọlọ́pàá tí ó bá já fóònù gbà tàbí tí ó bá pa ẹ̀rí rẹ́. Ó sì yẹ kí àwọn tí yóò máa wádìí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ àwọn tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá ọlọ́pàá kankan.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fóònù ti mú kí ọjọ́ náà tètè máa dé. Ó kù sọ́wọ́ àwọn aṣòfin àti àwọn adájọ́ wa láti rí i pé, nígbà tí òtítọ́ bá dé, ẹni tí ó gbé e wá kò ní wà látìmọ́lé.