Àrọ́bá Ni Baba Ìtàn

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí wa ṣì lè dé ọ̀dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá ti fi pamọ́ dè wá. Òwe náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọdé o. Ó di iṣẹ́ lé àgbà lọ́wọ́.

Ẹ wo Jaguar, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. D-Type, ọkọ̀ ìje wọn, ló gbégbá orókè nínú ìje Le Mans ní 1955, 1956 àti 1957. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti yọ XKSS, èyí tí ènìyàn lè wà ní títì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ ṣe. Àfi bí iná ṣe sọ ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Browns Lane lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1957. Mẹ́sàn-án jóná, ó ku mẹ́rìndínlógún.

Ní 2016, Jaguar kéde pé àwọn yóò ṣe mẹ́sàn-án náà padà. Kí ni wọ́n máa wò ṣe é? Wọ́n wọ ibi tí ìwé àtijọ́ wà, wọ́n kó àwọn àwòrán iṣẹ́ ti ìgbà náà jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé yẹ ara àwọn tó ṣẹ́ kù wò fínnífínní, wọ́n sì fi ọwọ́ lu páànù magnesium títí ó fi rí bí ti àtijọ́. Ọkọ̀ kan gbà tó wákàtí 10,000.

Ìwé tó dá ọkọ̀ padà yìí náà ni kò jẹ́ kí a parọ́ nípa rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáṣí wọn wà lákọsílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè ta ọmọ 2016 fún wa ní orúkọ ọmọ 1957. Bákan náà ni ti E-Type, ọkọ̀ Jaguar mìíràn tí wọ́n ṣe láti 1961 sí 1974. Olùtà lè búra pé pupa ni wọ́n kùn ún láti ilé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó búra! Àjọ tó ń tọ́jú ìtàn Jaguar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ń fún oníbéèrè ní ìwé ẹ̀rí tó sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n kó o ránṣẹ́ sí. Akọ̀wé tó kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Òun gan-an ló bí àrọ́bá tí a ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, kí ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ má ṣe da rísíìtì mẹkáníìkì nù. Kí ó ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tú u, kí ó kọ ọjọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà. Bí ó bá ń ta ọkọ̀ náà, kí ó di gbogbo ìwé rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó rà á.