Ṣé Kí A Ra Ahun fún Ọmọ?

 

Ọ̀rọ̀ ahun ni a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ àlọ́ ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo. Nítorí náà kò yani lẹ́nu bí ọmọ bá fojú kan ahun tí ó sì ń sunkún pé kí a bá òun rà á. Ẹni tí ó bá ń gba Ṣàgámù Interchange kọjá, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ti pàdé ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Bìní, mọ̀ pé ọjà kì í tán lẹ́bàá títì. Ẹran ìgbẹ́ náà a máa wà nínú ohun tí wọ́n ń nà sókè fún èrò ọkọ̀ ní àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ahun kì í sì í gbẹ́yìn. Rírà rẹ̀ kò ṣòro. Ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ mọ irú ahun tí ó wà lọ́wọ́ yín

Ahun kò rí bákan náà. Ahun igbó wa ní ìhà gúúsù ní oríkèé kan ní ẹ̀yìn igbá rẹ̀, èyí tí ó fi ń pa ẹ̀yìn ara rẹ̀ dé bí ìlẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Irú èyí fẹ́ ibòòji àti ilẹ̀ tútù, bí abẹ́ igi obì ti rí nínú oko wa ní Rẹ́mọ. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa wọ́n omi sí ibùgbé rẹ̀, kí ẹ sì kó ewé jọ fún un kí ó lè wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Èkejì ni ahun ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ti Òkè Ọya wá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ẹ̀gún líle sì wà ní itan rẹ̀. Oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ ni tirẹ̀. Òjò wa kò bá a lára mu: bí ó bá pẹ́ nínú omi àti òtútù, ikun á máa yọ nímú rẹ̀, èémí á sì ṣòro fún un. Èyí tí ẹ gbé lé àtẹ́lẹwọ́ lónìí lè wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ bí ó bá dàgbà tán, a sì máa gbẹ́ ihò wọ abẹ́ ògiri. Ẹni tí ó bá tọ́jú ọ̀kan bí a ti ń tọ́jú èkejì yóò pa á láìmọ̀.

Ibùgbé àti oúnjẹ rẹ̀

Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó ṣe ọgbà fún un ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá kan, kí apá kejì máa rí oòrùn òwúrọ̀. Ẹ gbé omi síbẹ̀ nínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí omi náà má ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ, nítorí pé ahun ilẹ̀ kò mọ odò wẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi yìí, nítorí a máa yàgbẹ́ sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá tàbí ìjàlọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bá a tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú oòrùn, ẹ tètè yí i padà, nítorí ikú ni fún un bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a pa tì pátápátá: lílu igbá ahun láti so okùn mọ́ ọn. Igbá náà kì í ṣe pákó. Eegun tí ó wà láàyè ni, ó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn àti ti ìhà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ahun sì ń mọ ìrora rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, àjẹkù èbà, ìrẹsì àti búrẹ́dì kò yẹ ahun kankan. Ẹ fún ahun igbó ní ewé kúkúǹdùnkún, tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, ìyeyè tí ó jábọ́, olú, ìgbín kékeré àti ekòló. Ahun Òkè Ọya kò gbọdọ̀ jẹ ẹran; koríko ni kí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí èso má sì pọ̀. Ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná, kí ẹ wọ́n ọn sí oúnjẹ àwọn méjèèjì kí igbá wọn lè le. Ẹ yẹra fún ewé tí wọ́n fín oògùn apakòkòrò sí.

Ìlera ọmọ yín

Ẹ̀yin abiyamọ, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Kòkòrò àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní Salmonella. Ó lè wà nínú ìfun ahun láìpa ahun lára, kí ó bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kí ó sì lẹ̀ mọ́ igbá rẹ̀. Ọmọ á gbá ahun mú, á fi ọwọ́ sẹ́nu. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti inú rírun á tẹ̀ lé e. Nínú ara ọmọ ọwọ́, àrùn náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ka títa ahun kéékèèké, tí igbá wọn kò tó íǹṣì 4, léèwọ̀ ní ọdún 1975: ọmọdé ń kó wọn sẹ́nu.

Nítorí náà, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ahun kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná, a kò sì gbọdọ̀ fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ àwo oúnjẹ. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ahun wà nílé.

Ẹrù ọdún púpọ̀

Ẹ rántí ahun ààfin Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Alágbà, tí ó kú ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2019. Ààfin sọ pé ọdún 344 ni ó lò láyé. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gbà pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn pé irú ahun bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààfin ní ìránṣẹ́ tí ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ní ilé tiyín, ta ni yóò máa ṣe é nígbà tí ọmọ tí ó sunkún fún un bá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga?

Ohun kan sì tún wà. Ahun ń tán lọ nínú igbó wa. Àjọ àgbáyé IUCN ti ka ọ̀kan nínú wọn, Kinixys homeana, mọ́ àwọn ẹranko tí ó sún mọ́ àparun jù lọ, nítorí igbó tí a ń gé àti ọdẹ tí kò dáwọ́ dúró. Bí a bá ra ọ̀kan lẹ́bàá títì, ìbáà ṣe pé àánú ni ó ṣe wá, owó wa ni yóò rán ọdẹ padà sí igbó láti mú òmíràn wá.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: bí ahun bá ti wà nílé yín, ẹ má ṣe jù ú sígbó, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí a ti là á sílẹ̀ yìí, bí ó bá sì ń ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí kò bá sí nílé, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà gbé tirẹ̀ kọjá. Bí ọmọ bá ń sunkún, ẹ gbé e jókòó ní alẹ́, kí ẹ pa àlọ́ ìjàpá fún un. Ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀, ọmọ yóò sì rántí rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.